Omi Ta Nìyí? Bí Ẹ Ṣe Lè Lọ sí Abúlé Etí Omi Kí Ẹ sì Gbé Àwòrán Ibẹ̀ Gan-an Bọ̀

Ọ̀pọ̀ akunwòrán ló máa ń kó kánfáàsì àti ọ̀dà, wọ mọ́tò láti Èkó lọ sí Àgbádárìgì tàbí Ẹ̀pẹ́, jókòó sétí omi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, síbẹ̀ tó jẹ́ pé àwòrán kàlẹ́ńdà ni wọ́n máa gbé bọ̀ wálé. Ẹ mọ irú àwòrán tí mò ń wí: ojú ọ̀run búlúù, omi búlúù, igi àgbọn méjì tó tẹ̀ síbì kan náà, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan láàárín, oòrùn pupa rogodo kan lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè wò ó kó sọ bóyá Àgbádárìgì ni tàbí Miami.

Èmi náà ti gbé irú rẹ̀ bọ̀ rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ sí abúlé kan létí ọ̀sà lápá Ẹ̀pẹ́, ìyá àgbà kan tó ń yan ẹja ṣawá dìde nídìí ààrò rẹ̀, ó wá wo ohun tí mò ń kùn. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ọmọ mi, omi ta nìyí?" Mo ní, "Omi yín ni, Ìyá." Ó yíjú sí ọ̀sà, ó tún yíjú sí kánfáàsì mi. Ó ní, "Omi wa ò rí báyìí rí o."

Òótọ́ ni ìyá sọ. Omi tó wà níwájú mi lọ́jọ́ náà pọ́n bíi tíì tí wọ́n ro mílíìkì díẹ̀ sí, torí pé òjò ti ń rọ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Inú orí mi ni mo ti mú búlúù tí mo kùn wá. Ojú mi wà lára omi lóòótọ́, àmọ́ n kò wò ó.

Ìbéèrè ìyá yẹn ni mo fi to gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí. Àwọn tó ń sọ fún mi pé àwọn ò rí ìmísí létí omi, mo máa ń bi wọ́n pé ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fi wo omi kí wọ́n tó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Ọ̀pọ̀ wọn kì í lè dáhùn.

Ohun tí ẹ máa kó dání

Ẹ má ṣe kó ilé yín dà sínú báàgì. Ẹni tó kó ẹrù púpọ̀ á ti rẹ̀ kó tó débẹ̀, kò sì ní lè kúrò níbi tó kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀ sí.

- Pátákó tàbí kánfáàsì kékeré mẹ́ta, tí ìbú rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, tí gígùn rẹ̀ kò ju 25. Ẹ fi ńlá sílẹ̀ nílé, iṣẹ́ tirẹ̀ ń bọ̀ níkẹyìn.
- Ìwé ìyàwòrán kan, pẹ́ńsùlù 2B àti 6B, àti èédú díẹ̀.
- Ọ̀dà akíríílíkì (èyí tí a ń fi omi pò) mẹ́fà péré, orúkọ tí ẹ máa rí lára ọ̀rá wọn nìyí: titanium white, yellow ochre, cadmium yellow, burnt sienna, alizarin crimson àti ultramarine. Ẹ má mú dúdú, ẹ má sì mú àwọ̀ ewé tí wọ́n ti pò tán sínú ọ̀rá. Ìdí rẹ̀ máa hàn ní ìpele karùn-ún.
- Búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta: fífẹ̀ kan, ti àárín kan, tín-ín-rín kan.
- Ìgò kékeré tó ń fọ́n omi. Akíríílíkì máa ń gbẹ kíákíá nínú oòrùn wa. Ẹ máa fọ́n omi sí i lóòrèkóòrè.
- Páálí kan tí ẹ máa gé ihò sí láàárín, àti páálí funfun kan fún dídán àwọ̀ wò.
- Àga kékeré, fìlà abetí, omi mímu, oúnjẹ, àti láílọ́ọ̀nù tí ẹ máa kó ìdọ̀tí yín sí padà.
- Jákẹ́ẹ̀tì ìgbẹ̀mílà, tí ẹ bá máa wọ ọkọ̀. Ẹ má gbọ́kàn lé ti ọlọ́kọ̀. Ẹ gbé ti yín dání.

Tí ẹ bá máa lo agbòòrùn, ẹ mú dúdú tàbí eléérú. Ẹni tó bá jókòó sábẹ́ agbòòrùn pupa, gbogbo ohun tó bá kùn ni àwọ̀ pupa yẹn máa ràn, kò sì ní mọ̀ títí yóò fi délé.

Ìpele kìíní: Ẹ mú ibì kan ṣoṣo

Ibi tí ìrìn àjò ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bàjẹ́ nìyí. Wọ́n á máa rìn kiri láti aago mẹ́jọ títí di aago méjìlá, wọ́n ń wá ibi tó dára jù, oòrùn á sì ti gun àtàrí kí wọ́n tó jókòó. Ní agbègbè wa yìí, oòrùn ọ̀sán kì í ṣàánú akunwòrán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òkè orí wa gan-an ló máa ń wà lọ́sàn-án gangan. Òjìji ilé á sá wọ abẹ́ ilé, ti igi á sá wọ abẹ́ igi, gbogbo nǹkan á wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Aago méje sí mẹ́sàn-án àbọ̀ àárọ̀, àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ni tiwa.

Ẹ wá ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ létí omi: ibi tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe, tí wọ́n ti ń já ẹja, tí àwọn ọmọdé ti ń bọ́ sínú ọkọ̀ lọ sílé ìwé. Etí òkun tí kò sí ẹnikẹ́ni lè rẹwà, ṣùgbọ́n iyanrìn, omi àti ojú ọ̀run nìkan ló máa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kò sì ní mọ ibi tó máa dì mú.

Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi, Àgbádárìgì ni mo máa kọ́kọ́ rán yín lọ, nítorí omi méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀sà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú, ó rọlẹ̀, ó dákẹ́. Ẹ bá wọ ọkọ̀ kọjá sí erékùṣù Gberefu, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn la iyanrìn àti oko àgbọn kọjá, ẹ ó já sí òkun Àtìláńtíìkì tó ń bú ramúramù. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ lè wo omi tó ń sùn àti omi tó ń jà. Lápá Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀ dó lọ́dún 1947, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kun Ayétòrò, kó mọ̀ pé ibi tí ẹlòmíràn ti pàdánù ilé rẹ̀ ló ń wò, kó sì wò ó bẹ́ẹ̀.

Àsìkò tún ṣe pàtàkì. Lákòókò ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kejì, eruku á bo ojú ọ̀run, òdìkejì ọ̀sà á parẹ́, gbogbo nǹkan á dà bí ohun tí wọ́n fi ògì lẹ̀. Lákòókò òjò, àwọsánmà á ga bí òkè, omi á pọ́n. Ẹ ó tún rí ewéko kan tó ń léfòó, tó ní òdòdó elése àlùkò (water hyacinth), tí àwọn apẹja ń bínú sí. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ pé ó ti gba apá Porto-Novo ní Benin wọ omi Àgbádárìgì. Kò fẹ́ràn iyọ̀. Nígbà tí òjò bá ti fọ iyọ̀ kúrò nínú ọ̀sà, á bo ojú omi bí ẹní. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá jẹ́ kí omi òkun wọlé, á kú, á di àwọ̀ ilẹ̀. Tí ẹ bá kun ọ̀sà láìsí i nígbà tó wà níbẹ̀, ẹ ti parọ́ oṣù.

*Ẹ kíyè sí i:* Ẹ má kàn yọ sí abúlé onílé kí ẹ gbé àga kalẹ̀. Ẹ béèrè ilé Baálẹ̀, ẹ kí i, ẹ sọ ohun tí ẹ wá ṣe. Ẹ kí àwọn ìyá tó ń yan ẹja kí ẹ tó yọ pẹ́ńsùlù. Ẹ béèrè ibi tí a kì í yà: ojúbọ wà létí omi, ilé Zangbeto (eégún tó ń ṣọ́ ìlú lóru) wà láàárín àwọn Ègùn, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni àlejò ń fi ojú lásán wò, ká má tíì sọ pé kó yà á. Tí wọ́n bá ní rárá, ẹ yí àga yín síbòmíràn.

Ẹ ó mọ̀ pé ibi tí ẹ mú dára tí ẹ bá lè dárúkọ nǹkan mẹ́ta tó wà níbẹ̀ tí kò sí ní abúlé kejì. Tí ẹ ò bá rí mẹ́ta, ẹ ò tíì wo ibẹ̀ tó, ẹ jókòó.

Ìpele kejì: Ẹ jókòó lásán fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú

Ẹ má fọwọ́ kan ọ̀dà. Ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsùlù, kí ẹ máa kọ ọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ìpele yìí máa ń bí àwọn ènìyàn nínú. Wọ́n ní àwọn ò wá kọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bá kọ́kọ́ bọ́ sórí kánfáàsì, ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa kùn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yìí ni ojú fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọwọ́.

Ìbéèrè mẹ́rin ni mo máa ń bi ara mi. Kí ló ń mì, kí ló dúró? Ibo ló mọ́lẹ̀ jù lọ, ibo ló ṣókùnkùn jù lọ? Kí ni omi ń ṣe lára ohun tó bá fara kàn án? Kí ni mo ń gbọ́ tí n kò rí?

Ohun tó wà nínú ìwé mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan lápá Ẹ̀pẹ́ nìyí, bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an: "Èéfín ààrò ò lọ sókè. Ó ń nà gbalaja sórí omi, ó ga tó orúnkún ènìyàn. Òpó abẹ́ ilé ní ìlà dúdú kan yí ká, ìka mẹ́rin sókè omi: ibi tí omi kún dé lánàá. Lókè ìlà, igi náà funfun bí egungun. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ó dúdú, ó ń yọ̀. Ọkùnrin kan ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ dànù, n kò rí i, igbá rẹ̀ ni mò ń gbọ́."

Ìlà dúdú ara òpó yẹn ló di àwòrán mi. Ẹ wò ó dáadáa: ìka mẹ́rin péré ni, àmọ́ ó sọ pé omi yìí ń lọ ó ń bọ̀, pé ilé yìí dúró sójú kan láti ọjọ́ pípẹ́, pé ẹnì kan ń gbé nínú ewu tó ti mọ́ ọn lára. Kò sí bí mo ṣe lè ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti inú yàrá mi ní Èkó.

*Ẹ kíyè sí i:* Ẹ má kọ "ó rẹwà", "ó tutù lójú", "àgbàyanu". Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé kùn. Ẹ kọ ohun tí a lè fọwọ́ kàn.

Kí ẹ tó dìde, ẹ yí ẹ̀yìn sí ibẹ̀, kí ẹ ya ohun tí ẹ ti wò láti inú orí fún ìṣẹ́jú méjì. Ibi tí ọwọ́ yín bá ti dúró tí kò mọ ohun tó kàn, ibẹ̀ ni ẹ ò tíì wò. Ẹ yíjú padà, ẹ wò ó.

Ìpele kẹta: Ẹ gé fèrèsé, kí ẹ ya kékeré mẹ́rin

Ẹ gé ihò sínú páálí, kí ìrísí ihò náà bá ti kánfáàsì yín mu: bí kánfáàsì bá jẹ́ 20 sí 25, kí ihò jẹ́ 8 sí 10. Ẹ di ojú kan, ẹ máa gbé páálí náà kiri níwájú ojú kejì. Ẹ gbé e súnmọ́, ẹ gbé e jìnnà. Ẹ ó rí i pé ohun tí ẹ rò pé ó jẹ́ ìran kan ṣoṣo, mẹ́fà tàbí méje ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ wá ya mẹ́rin nínú wọn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má tóbi ju páálí ìṣáná lọ, kí ó má sì gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ má ya ewé. Ẹ má ya ojú ènìyàn. Ẹ ya ibi tí nǹkan ńlá wà nìkan.

Àṣìṣe méjì ló wà níbí tí mo ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ti ń kùn fún ọdún pípẹ́ pàápàá. Èkíní ni kí ibi tí omi ti pàdé ojú ọ̀run la àwòrán sí méjì ọgbọọgba. Ẹ pinnu èwo ni ẹ wá wò. Tó bá jẹ́ àwọsánmà, ẹ fún ojú ọ̀run ní ìdá méjì nínú mẹ́ta. Tó bá jẹ́ omi àti ọkọ̀, ẹ gbé ìlà náà sókè. Kí ìlà náà sì tọ́ gbọnrangandan, torí pé bó bá fi díẹ̀ tẹ̀, òkun á dà bí omi tó fẹ́ dà nù.

Èkejì ni ọkọ̀ tó ń fò. Ẹ̀yin náà ti rí i: ọkọ̀ tó jìnnà wà lókè jù, ènìyàn inú rẹ̀ dà bí ẹni tó rọ̀ sójú sánmà. Ohun tó ń tún un ṣe kò le. Bí ẹ bá dúró sórí iyanrìn tó tẹ́, ìlà òkun máa ń gba ibi ojú gbogbo ẹni tó dúró sórí iyanrìn náà bíi tiyín kọjá, ì báà jẹ́ ẹni tó súnmọ́ yín, ì báà jẹ́ ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Bí ẹ bá jókòó, ìlà náà á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú yín, á gba àyà tàbí ìbàdí gbogbo wọn kọjá. Ẹ fi èyí mú gbogbo ènìyàn inú àwòrán yín; ẹnikẹ́ni kò ní fò mọ́.

Ẹ fi àwòrán kékeré mẹ́rin náà han ọmọdé kan tó wà nítòsí. Ẹ ní kó nàka sí ibi gan-an tí ẹ yà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá nàka sí kíákíá ni kí ẹ mú.

Ìpele kẹrin: Funfun, pupa, dúdú

Àwọn baba wa pín gbogbo àwọ̀ sí mẹ́ta: funfun, pupa, dúdú. Ewé tútù wà lábẹ́ dúdú. Aró wà lábẹ́ dúdú. Ìyeyè, epo, iyanrìn tó rẹ, gbogbo wọn wà lábẹ́ pupa. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, mo rò pé nítorí pé orúkọ àwọ̀ kò pọ̀ lédè wa ni. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kun omi ni mo wá rí ìwúlò ìpín yẹn. Fún akunwòrán, ó ń sọ bí nǹkan ṣe mọ́lẹ̀ tó àti bó ṣe ṣókùnkùn tó, èyí sì ni ohun àkọ́kọ́ tí àwòrán ń fẹ́ kí a tó wá sọ̀rọ̀ búlúù tàbí àwọ̀ ewé.

Nítorí náà, ẹ mú àwòrán kékeré tí ẹ yàn, ẹ yà á tóbi tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ di ojú yín díẹ̀ títí ìpéǹpéjú á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé, kí ẹ máa wo ìran náà bẹ́ẹ̀. Ewé á parẹ́, ìgbì kéékèèké á parẹ́. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, ẹ pín in. Ibi tó jẹ́ funfun, ẹ fi ìwé sílẹ̀ bó ṣe wà. Ibi tó jẹ́ pupa, ẹ fi pẹ́ńsùlù 2B pa á fẹ́ẹ́rẹ́. Ibi tó jẹ́ dúdú, ẹ fi èédú kì í. Mẹ́ta péré. Bí ohun kan bá wà láàárín méjì, ẹ fi agbára mú un sí ọ̀kan.

*Ẹ kíyè sí i:* Aṣọ funfun tó wà lábẹ́ òjìji, ó sábà máa ń ṣókùnkùn ju iyanrìn tó wà nínú oòrùn lọ. Orí á máa sọ fún yín pé funfun ni. Ẹ má gbà fún orí.

Láti mọ̀ bóyá ẹ ṣe é re, ẹ fi fóònù ya fọ́tò ibẹ̀, ẹ sọ ọ́ di dúdú-àti-funfun, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ yà. Ibi tí wọ́n bá ti ta ko ara wọn, ẹ tún ibẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù sápò. Iṣẹ́ rẹ̀ parí níbẹ̀ ná.

Ìpele karùn-ún: Ẹ po omi tó wà níwájú yín

Omi kò ní àwọ̀ kan tó jẹ́ tirẹ̀ pátápátá. Nǹkan mẹ́ta ló ń dá a: ojú ọ̀run tó ń hàn lórí rẹ̀, ẹrẹ̀ tàbí ewé tó wà nínú rẹ̀, àti ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí kò bá jìn. Ẹ wo ọ̀sà láti ibi ẹsẹ̀ yín lọ sọ́nà jíjìn. Lẹ́bàá ẹsẹ̀, ẹ ń wo inú omi, ẹ ń rí ẹrẹ̀. Bí ojú yín ṣe ń lọ sọ́hùn-ún, ẹ kò rí inú mọ́, ojú ọ̀run nìkan ni omi ń fi hàn yín. Ìdí nìyí tí omi kan náà fi lè jẹ́ àwọ̀ tíì lápá ìsàlẹ̀ àwòrán, kó sì jẹ́ àwọ̀ eérú lókè. Ẹni tó bá fi àwọ̀ kan ṣoṣo kun gbogbo rẹ̀ ti gbé ògiri dúró síbi tí omi wà.

Bí ẹ ṣe máa pò ó nìyí. Ẹ fi wọ́n bẹ̀rẹ̀, kí ojú yín sì máa tún wọn ṣe:

Ọ̀sà ìgbà òjò: yellow ochre púpọ̀, burnt sienna díẹ̀, ultramarine bíńtín láti pa á lójú, kí ẹ wá fi funfun gbé e sókè. Ojú ọ̀run ọyẹ́: funfun púpọ̀, ochre díẹ̀, ultramarine tí kò ju orí ìṣáná. Ewé àgbọn: ultramarine àti cadmium yellow, kí ẹ sì fi burnt sienna sí i dandan, torí àwọ̀ ewé tí kò ní pupa kankan nínú máa ń dà bíi ti ike. Dúdú abẹ́ ọkọ̀ àti abẹ́ ilé: ultramarine àti burnt sienna lásán, láìsí funfun. Dúdú yìí ní ẹ̀mí, ẹ lè tì í sí aró, ẹ lè tì í sí ilẹ̀. Dúdú inú ọ̀rá kò lọ síbì kankan. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ fi í sílẹ̀ nílé nìyẹn.

Ẹ dárúkọ àwọ̀ kí ẹ tó pò ó, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ mọ̀ dárúkọ rẹ̀. Ẹ má sọ pé "búlúù fẹ́ẹ́rẹ́". Ṣé àyìnrín ni, bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n yọ? Àbí àwọ̀ eérú igi tó jó tán? Ṣé àwọ̀ ògì bàbà ni iyanrìn yẹn, tàbí ti gàrí tí kò ní epo? Aláró mọ̀ pé iye ìgbà tí aṣọ bá wọ ìkòkò ni yóò sọ bó ṣe máa dú tó. Ẹ ṣe bíi tirẹ̀ pẹ̀lú ultramarine: ẹ fi kún un díẹ̀díẹ̀, torí pé yíyọ ọ́ kúrò kò rọrùn.

Ti òjìji tó ń hàn nínú omi. Ó máa ń wá tààrà sọ́dọ̀ yín, ìsàlẹ̀ gan-an ló ń lọ, kì í yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí òjìji tí oòrùn dá. Ohun tó bá ṣókùnkùn, àwòrán rẹ̀ nínú omi máa ń mọ́lẹ̀ díẹ̀ jù ú lọ. Ohun tó bá mọ́lẹ̀, tirẹ̀ nínú omi á ṣókùnkùn díẹ̀. Ọkọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ dú bákan náà lókè àti nísàlẹ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́, ẹ já òjìji náà sí wẹ́wẹ́ ní ìbú. Ìfófòó òkun kì í sì í ṣe funfun ọ̀rá: ẹ fi ochre tàbí aró díẹ̀ bà á, kí ẹ fi funfun gidi pamọ́ fún ibì kan ṣoṣo tí oòrùn ti ń ta lójú.

Ẹ fi àwọ̀ tí ẹ pò sétí páálí funfun, ẹ nà án sókè níwájú ìran náà, ẹ di ojú díẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ àwọ̀ náà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù sínú omi, ẹ ti mú un. Bó bá yọ gedegbe, ẹ padà sídìí pátákó ọ̀dà. Mo máa ń ṣe èyí fún àwọ̀ mẹ́rin tó tóbi jù kí n tó fọwọ́ kan kánfáàsì. Ó máa ń gbà tó ogún ìṣẹ́jú, kò sì sí ogún ìṣẹ́jú mìíràn tó lérè tó o.

Ìpele kẹfà: Ẹ kùn ún tán lójú ibẹ̀ láàárín wákàtí kan

Ẹ fi ochre àti omi pa gbogbo kánfáàsì, kí funfun rẹ̀ má baà máa tàn yín jẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti dúdú, kí ẹ wá sí pupa, kí funfun kẹ́yìn. Búrọ́ọ̀ṣì fífẹ̀ ni kí ẹ lò fún ogójì ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Tín-ín-rín kò gbọdọ̀ jáde láti inú báàgì títí di ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìkẹyìn, nígbà tí ẹ máa fi sí okùn, àjẹ̀, ìlà ara òpó.

Wákàtí kan ni mo wí nítorí pé oòrùn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí wákàtí méjì bá kọjá, òjìji ti yí, omi ti yí, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọ̀ aago mẹ́sàn-án lé ti aago méje lórí. Nírọ̀lẹ́ pàápàá, oòrùn tiwa kì í rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́ wọlẹ̀ bíi ti ilẹ̀ òyìnbó. Ó máa ń já wọ omi ṣìnkún, òkùnkùn á sì ti dé kí ẹ tó fọ búrọ́ọ̀ṣì. Claude Monet, akunwòrán ará Faransé, nígbà tó ń kun òkè etí òkun Étretat, kánfáàsì bíi mélòó kan ló máa ń kó dání. Tí ìmọ́lẹ̀ bá yí, á gbé ọ̀kan sílẹ̀, á mú òmíràn; tí ìmọ́lẹ̀ ti àkọ́kọ́ bá padà wá lọ́jọ́ kejì, á padà sídìí rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ mú pátákó mẹ́ta.

Ọkùnrin yìí kan náà, lọ́dún 1885, ní Étretat, ó ṣi ìgbà tí omi máa kún rò. Ìgbì gbá a mọ́ òkè, ó sì gbé àwòrán tó ń kùn lọ. Omi etí òkun wa náà máa ń kún, á sì fà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Nítorí náà, ẹ má kọ ẹ̀yìn sí òkun, ẹ má sì jókòó sórí iyanrìn tó tutù. Ibi tó tutù ni omi ti dé láìpẹ́, á sì tún padà dé ibẹ̀. Ẹ bi apẹja kan ìgbà tí omi ń bọ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n ju ohunkóhun tó wà lórí fóònù yín lọ.

Ẹ tún yí kánfáàsì kúrò nínú oòrùn. Bí oòrùn bá ń ta lé e, gbogbo àwọ̀ á mọ́lẹ̀ lójú yín, ẹ ó máa fi dúdú kún un. Tí ẹ bá gbé e wọlé, á ṣú bí ìgbà tí wọ́n pa iná. Iyanrìn tó bá fò wọ inú ọ̀dà, ẹ fi sílẹ̀ kó gbẹ kí ẹ tó gbọ̀n ọ́n. Àwòrán etí òkun Trouville tí Monet kùn lọ́dún 1870, tó wà ní National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù, iyanrìn ṣì wà nínú ọ̀dà rẹ̀ títí dòní.

Nígbà tí wákàtí bá pé, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ rìn sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ṣé láti ọ̀hún yẹn, ẹ mọ aago tó lù? Bí ẹ bá mọ̀ bóyá àárọ̀ ni tàbí ìrọ̀lẹ́ láìwo nǹkan kan mìíràn, ó ti jọ. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́, bó ti wù kó máa wù yín tó.

Ìpele keje: Ńlá, nílé

Lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta ni kí ẹ gbé kánfáàsì ńlá dúró. Ẹ to pátákó kékeré, ìwé ọ̀rọ̀, àti páálí àwọ̀ síwájú. Ẹ fi fọ́tò sẹ́yìn. Fóònù máa ń sọ òjìji di ọ̀gbun dúdú, á sì sọ ojú ọ̀run di funfun tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ lé e, ẹ ti jù gbogbo iṣẹ́ ìpele karùn-ún nù. Ẹ lò ó fún ohun tí ojú ti gbàgbé nìkan: báwo ni wọ́n ṣe so okùn yẹn, pákó mélòó ló wà nídìí ọkọ̀.

Ẹ fa ìlà pín kékeré àti ńlá sí àpótí mẹ́rin sí mẹ́rin, kí ẹ fi wọ́n gbé ohun tó wà nínú kékeré kọjá sínú ńlá. Ibi tí ẹ bá ti bá ara yín tí ẹ ń fi nǹkan kún un torí pé àyè ṣófo, ẹ dúró. Àyè tó ṣófo lórí omi, omi náà ni.

Ìdánwò tó kù, ọ̀nà rẹ̀ jìn, ṣùgbọ́n èmi kò fojú fo o mọ́: ẹ gbé e padà lọ síbẹ̀. Èmi gbé tèmi padà sọ́dọ̀ ìyá tó ń yan ẹja lọ́dún kejì. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sọ nǹkan kan nípa omi. Ó fi ìka kan ìlà dúdú ara òpó. Ó ní, "Ilé Bàbá Rísí nìyí. Omi ò tíì mu tó báyìí nígbà yẹn. Òpó yìí ti wó." Ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin pé kó wá wò ó, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí oṣù tó wó.